Ta Ló Gbé Òkúta? Ìtàn Kíkọ́ Ilé Ìjọsìn láti Marina dé Bàrígà

Ẹni tó bá kúrò lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní ọjọ́ Ìsinmi, tó gba inú Ṣómólú já sí Bàrígà, yóò gbọ́ ìlù àti agogo kí ó tó rí ilé tí wọ́n ti ń lù wọ́n. Àwọn ìjọ kan wà lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan wà lábẹ́ páànù lásán. Àwọn mìíràn sì ti kọ́ ilé tó ga ju òrùlé gbogbo àdúgbò lọ. Lára àwọn tó ti kọ́lé parí, ìbáà jẹ́ Áńgílíkà, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì tàbí Aládùúrà, ohun kan wọ́pọ̀: fèrèsé gígùn tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Bíríkìlà tó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n lè má dé òkè òkun rí, síbẹ̀ ó mọ̀ pé bí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìrísí yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún láyé. Ìlú ńlá àti abúlé ilẹ̀ Yúróòpù ló ti dàgbà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Bí ó ṣe rìn dé Èkó ni mo fẹ́ sọ, àti ìtàn ilé kan ní Marina tó lórúkọ ju ọ̀pọ̀ lọ, àti ti àwọn ìjọ tó ń kọ́lé lẹ́bàá wa lónìí. Ní gbogbo ọ̀nà náà, ìbéèrè kan ni mo mú lọ́wọ́. A mọ orúkọ ẹni ńlá tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, torí wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri. Àwọn tó ru òkúta yòókù ńkọ́?

Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀

Ilé ìjọsìn Saint-Denis, lẹ́bàá Paris, ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí bí orísun ọnà ìkọ́lé tí a ń pè ní Gótíìkì. Suger, olórí àwọn mọ́ńkì ibẹ̀, ló tún apá ìlà-oòrùn rẹ̀ kọ́, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1144. Ṣáájú àkókò yẹn, roboto ni wọ́n máa ń ṣe orí ilẹ̀kùn àti orí fèrèsé, bí ọrun ọdẹ. Irú orí bẹ́ẹ̀ a máa ti ògiri síta lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ògiri bá tẹ́ẹ́rẹ́, yóò là. Ìdí nìyẹn tí ògiri ilé àtijọ́ fi nípọn, tí fèrèsé wọn kéré, tí inú wọn sì ṣókùnkùn.

Ọgbọ́n tuntun náà ni pé kí wọ́n tẹ apá méjì ògiri sókè títí wọn yóò fi pàdé ní ṣóńṣó. Ẹrù òrùlé á wá máa sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀wọ̀n ju bí ó ṣe ń ti ògiri lọ. Ògiri lè tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé lè gùn, ìmọ́lẹ̀ á sì wọlé dáadáa. Níbi tí ẹrù bá ṣì ti ń ti ògiri, wọ́n a mọ òpó ìta tì í. Ẹwà tí ojú wa ń rí lára ilé Gótíìkì, inú ìṣirò yìí ló ti jáde.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ó sì léwu. Ní 1174, iná jó apá kan kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá akọ́lé kan láti Faransé, William ará Sens. Ní 1178 ó já bọ́ láti orí igi tí wọ́n dè mọ́ ògiri, ó farapa gan-an, ó sì padà sílé. William mìíràn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní Cologne, nílẹ̀ Jámánì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà kan ní 1248. Ọdún 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Kàtídírà ni ayé máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké inú abúlé ló pọ̀ jù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìran kan a kọ́ ibi pẹpẹ, ìran mìíràn a fa ilé náà gùn, ìran kẹta a gbé ilé agogo lé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìjọ pín ẹrù náà sí méjì: àlùfáà tó ń gba ìdámẹ́wàá ló ń tún ibi pẹpẹ ṣe, àwọn ará ìjọ ló ń bójú tó ibi tí àwọn fúnra wọn ń dúró sí. Láti rí owó, wọ́n a pọn ọtí, wọ́n a pe ara wọn jọ, wọ́n a mu ún, wọ́n a sì sanwó rẹ̀ sápò ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá mọ bàsáà àti ìkórè Èkó yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà síra, bí a bá ti yọ ọtí kúrò.

Ohun mìíràn tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé àwọn bàbá ìjọ abúlé wọ̀nyẹn máa ń kọ ìṣirò owó sílẹ̀: iye tí wọ́n ra igi, iye tí wọ́n san fún káfíńtà, orúkọ ẹni tó tún òrùlé ṣe. Púpọ̀ nínú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣì wà nípamọ́, àwọn mìíràn láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Òun ni àwọn òpìtàn òde òní ń kà tí wọ́n fi lè sọ bí ilé kékeré kan ṣe dàgbà láti ìran dé ìran.

Ọnà náà wọ ọkọ̀

Nígbà tó yá, Gótíìkì di ohun àtijọ́ lójú àwọn tó bí i. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tún sọjí. Augustus Pugin, ayàwòrán ilé, gbé e lárugẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1839, àwọn ọmọ yunifásítì Cambridge dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Cambridge Camden Society, tí wọ́n ń wọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ló tọ́ fún ilé Ọlọ́run níbikíbi. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, St Michael's ní abúlé Longstanton nítòsí Cambridge, wà lára èyí tó wù wọ́n jù. Àwòrán rẹ̀ rékọjá òkun, wọ́n sì tẹ̀ lé e kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St James the Less ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín 1846 sí 1848. Bí ilé abúlé kan ṣe di àpẹẹrẹ fún ìlú òkèèrè nìyẹn. Ibi gbogbo tí Gẹ̀ẹ́sì bá gbé Bíbélì dé láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé fèrèsé ṣóńṣó ló ń tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1846 kan náà, nínú oṣù Kẹjọ, Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther, àwọn ajíhìnrere ẹgbẹ́ CMS ti ìjọ Áńgílíkà, wọ Abẹ́òkúta láti Àgbádárìgì. Kò sí òkúta gbígbẹ́ nínú ilé ìsìn tí wọ́n kọ́kọ́ lò níbẹ̀. Amọ̀ ni ògiri, koríko ni òrùlé, torí ohun tí ará Ẹ̀gbá fi ń kọ́lé nìyẹn, tí ọwọ́ wọn sì mọ́ ọn ṣe. Ní oṣù Kejì 1848, Crowther ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti pínyà láti ìgbà tí wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú. Ìjọ tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò tíì ní fèrèsé ṣóńṣó kankan. St Peter's, Aké, ilé olókùúta tí à ń rí lónìí, ọdún 1898 ni wọ́n parí rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé ló wà láàárín ilé amọ̀ àti ilé òkúta.

Èkó di ìlú bíríkì

Oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n dá Akíntóyè padà. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó jìnnà, àlùfáà C. A. Gollmer ti kó láti Àgbádárìgì wá sí Èkó. St Peter's ní Fájì àti St Paul's ní Breadfruit gbéra ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yìí. Ìtàn ìjọ Breadfruit ni pé ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú pa mọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé ìsìn.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò òyìnbó àti àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà wálé, tí wọ́n mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa jọ́sìn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta 1867, wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ Christ Church lélẹ̀ ní Marina, létí ọ̀sà. Ní 1869, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìkọ́lé Èkó nígbà yẹn kò gbọdọ̀ fo àwọn Àgùdà. Àwọn tó gba òmìnira ní Brazil tí wọ́n padà wálé kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn, àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sára ògiri náà wà nínú wọn. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti Kátólíìkì, tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. João Baptista da Costa, Àgùdà bíi tiwọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894. Ọwọ́ àwọn Àgùdà yìí ló gbé pẹpẹ kalẹ̀ fún onígbàgbọ́, òun náà ló mọ mímúbárì fún mùsùlùmí. Ọpẹ́ ni pé orúkọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò sọnù. Tó bá jẹ́ pé a ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé àtijọ́ Èkó, ìtàn wa ì bá ti kún ju báyìí lọ.

Nígbà tó di 1934, ìjọ Kátólíìkì fi ìpìlẹ̀ ilé mìíràn lélẹ̀ dípò ilé àwọn Àgùdà yẹn. Gótíìkì gidi ni ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì parí ní 1939.

Ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn kì í sì í ṣe ti bíríkì nìkan, torí ẹni tó ni ilé ló ń pàṣẹ nínú rẹ̀. Ní 1901, nígbà tí àwọn aláṣẹ Áńgílíkà gbé àlùfáà James Johnson kúrò ní St Paul's, Breadfruit, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Àwọn tó jáde dá Bethel sílẹ̀, èyí tí ìjọ African Church ti hù jáde. Wọ́n ti dáwó sínú ilé Breadfruit fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn kò rí bíríkì kan mú dání. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ní Marina

Ní 1919 ni wọ́n dá dáyọ́sísì Èkó sílẹ̀, Frank Melville Jones sì di bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́. Christ Church tí wọ́n kọ́ fún ìlú kékeré ní 1867 kò tó mọ́ fún ìlú tó ti ní rélùwéè àti afárá Carter, tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí lójoojúmọ́. Bagan Benjamin ló ya àwòrán ilé tuntun, tí yóò jẹ́ kàtídírà dáyọ́sísì náà. Norman Gothic ni wọ́n ń pe irú ọnà bẹ́ẹ̀: ó gbé ìwúwo ilé àtijọ́ dání, ó sì gbé ìga Gótíìkì pẹ̀lú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1924.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin 1925, Edward, àrólé ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Prince of Wales, fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọjọ́ ńlá ni fún ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti ń pa èèyàn ní Èkó láti 1924, tí kò sì ní lọ tán títí di 1930.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Èkó lọ́dún náà tí kò sí ọmọ ọba kankan níbẹ̀. Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkárẹ́, ti wà ní ìlú láti 1924, ó ń gbàdúrà fún àwọn èèyàn. Ní oṣù Kẹfà 1925, ọmọdébìnrin kan, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, ríran lẹ́yìn tó lọ wo ètò ìyíde àwọn Kátólíìkì. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ẹgbẹ́ àdúrà tó yí àwọn méjèèjì ká ti ní orúkọ: Séráfù, tí Kérúbù tún darapọ̀ mọ́ nígbà tó ṣe. Inú pálọ̀ àti àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń péjọ. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé òkúta ní Marina, ìjọ tí yóò kún gbogbo Mainland nígbà tó bá yá ń dàgbà lábẹ́ òrùlé ayálégbé, láìní bíríkì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń gbé ṣóńṣó kan dúró, torí ọgbọ́n náà kò yí padà púpọ̀ láti ayé Suger. Káfíńtà ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Á kan ìṣó méjì mọ́ pákó fífẹ̀, á so okùn mọ́ ìṣó kan, á so ẹfun mọ́ ẹnu okùn, á sì fi yí ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Á tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara ìṣó kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni orí ṣóńṣó wà. Á gé pákó náà, á kan án, á fi igi gbé e ró láàárín ògiri méjì. Ìgbà yẹn ni bíríkìlà á dé. Á máa to òkúta tàbí bíríkì lórí pákó náà láti ọ̀tún àti láti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹrù má baà pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti àárín òkè, tí wọ́n gbẹ́ kí ó lè há. Bí sìmẹ́ńtì bá ti gbẹ, wọ́n á yọ pákó. Bí iṣẹ́ bá dára, kò ní mì. Bí kò bá dára, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Irú iṣẹ́ yìí gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín àkókò náà, ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ láti 1929. Síbẹ̀, ìjọ Marina kò dáwọ́ orin dúró. Thomas Ékúndayọ̀ Phillips, tó ti wà nídìí dùùrù ìjọ náà láti 1914 tí yóò sì wà níbẹ̀ títí di 1962, kó ẹgbẹ́ akọrin kiri láti wá owó dùùrù oníhò, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní 1932. Fẹlá Ṣówándé, tí orúkọ rẹ̀ yóò kàn káàkiri gẹ́gẹ́ bí olórin dùùrù, wà nínú àwọn ọmọ akọrin tó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Phillips.

Edward tó fi òkúta lélẹ̀ di ọba ní oṣù Kìíní 1936. Kí ọdún náà tó parí, ó ti bọ́ adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ní 1939 ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀. Ní 1940 Leslie Gordon Vining gba ipò bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Jones. Ọdún 1946 ni ilé náà parí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọba kan jẹ, ó sì kúrò lórí ìtẹ́, ogun dé, ogun lọ, àwọn ará ìjọ ṣì ń dáwó. Ní 1976, wọ́n gbé ohun tó kù lára Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, wá sínú kàtídírà náà, ohun ìrántí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Láti Marina sí Bàrígà

Àjàkálẹ̀ àrùn eku tí mo mẹ́nu bà ló mú kí ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Wọ́n wó ilé tó há mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì la òpópónà sí Yábàá fún àwọn tó fẹ́ kó lọ. Ìwọ̀nba èèyàn ni Yábàá gbà. Àwọn yòókù lọ síbi tí owó ilẹ̀ ti rọjú, lọ́wọ́ àwọn ẹbí onílẹ̀: Múṣin, Ṣómólú, Bàrígà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ń ṣàkóso ibẹ̀ títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1967. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ya àwòrán Ṣómólú kí àwọn èèyàn tó dé. Ilé dé, títì tẹ̀ lé e. Bí ìjọ náà ṣe dé nìyẹn, ibi tí wọ́n bá ti rí ilẹ̀ ni wọ́n ń dúró.

Ohun kan láti Èkó àtijọ́ tẹ̀ lé wọn dé Bàrígà. Ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tí àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, kó wá sí Bàrígà ní 1959, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. James Pinson Lábúlọ̀ Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró, ló fi àádọ́ta pọ́n-ùn ra ìwé àti ohun èlò fún un níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ ló dáwó rẹ̀ kí ó tó dúró, bí wọ́n ṣe dáwó kọ́ ilé Marina.

Lẹ́bàá wọn ní Akọ́kà ni Yunifásítì Èkó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Nínú fúláàtì olùkọ́ ìṣirò kan níbẹ̀, William Kumuyi, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péjọ ní 1973 láti ka Bíbélì. Ìpàdé yẹn ló di ìjọ Deeper Life, tí gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ní Gbàgádà ṣí ní oṣù Kẹrin 2018. Láti fúláàtì kan dé gbọ̀ngàn yẹn, ọdún márùndínláàádọ́ta ni.

Àwọn ìjọ tí kò lókìkí bẹ́ẹ̀ náà ń gba ọ̀nà kan náà, ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ ni. Kíláàsì ilé ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ yá. Nígbà tí ilẹ̀ bá dé, wọ́n á fi pákó àti páànù kọ́ àtíbàbà. Ìkórè kan á gbẹ́ fáńdéṣọ̀n. Ìkórè mìíràn á gbé ògiri dé líńtẹ́ẹ̀lì. Ìsìn kì í dúró: ògiri tuntun á máa ga sókè yí àtíbàbà náà ká, àtíbàbà á wà ní àárín rẹ̀, àwọn èèyàn á máa kọrin nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí òrùlé tuntun bá ti bo gbogbo rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á tú pákó àtíbàbà, wọ́n á gbé e gba ẹnu ọ̀nà tuntun jáde. Ibi tí sìmẹ́ńtì kò tíì dé, wọ́n á tẹ́ yanrìn sí i.

Ọ̀pọ̀ yanrìn yẹn, inú ọ̀sà ló ti ń wá. Ní etí omi Bàrígà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ ti ń gbé, ọkọ̀ onígbòkun ń jáde lọ sójú ọ̀sà láìní ẹ́ńjìnnì. Awayanrìn á gba orí àkàbà igi sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Á séèémí, á kó yanrìn ní ìsàlẹ̀, á gòkè, á dà á sínú ọkọ̀, á tún sọ̀. Bí ọkọ̀ bá kún títí tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba, wọ́n á ta ìgbòkun padà sí etíkun, níbi tí típà ti ń dúró dè wọ́n. Ní ọjọ́ ìyàsímímọ́, bíṣọ́ọ̀bù yóò yin Olúwa fún àwọn tó dáwó. A kì í sábàá gbọ́ kí wọ́n dárúkọ awayanrìn.

Ìwé ètò ìsìn tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ náà, Ṣómólú ni wọ́n sábàá ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìlú ìtẹ̀wé ni Ṣómólú: káàdì ìkórè, àpò ìwé ọrẹ, kàlẹ́ńdà tí àwòrán Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá kó kàlẹ́ńdà ìjọ kan jọ fún ogún ọdún ti ní nǹkan bí ìtàn ilé ìjọ náà lọ́wọ́: ọdún tí òrùlé kò sí nínú àwòrán, ọdún tó dé, ọdún tí wọ́n kun ún lọ́dà. Lẹ́yìn oṣù Kejìlá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lọ sínú ààtàn.

Kí ló yẹ ká ṣe

Òótọ́ ni pé a ń kọ́lé, a sì ń kọ́ ọ dáadáa. Ibi tí a ti kù díẹ̀ káàtó ni pé a kì í kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ará abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí púpọ̀ wọn kò mọ̀wé, ṣì mú kí bàbá ìjọ wọn kọ iye owó ìṣó àti orúkọ ẹni tó kàn án sínú ìwé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi wà títí di òní. Ìjọ tó wà láàárín àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kò ní àwáwí.

Ó tún ní ìdí tó fi jẹ́ kánkán. Ìjọ tó bá ń dàgbà a máa wó ilé kékeré láti kọ́ ńlá, bí wọ́n ṣe ṣe ní Marina àti ní Holy Cross. Bí wọ́n bá ti wó o, òkúta ìpìlẹ̀ á sọnù, fèrèsé àkọ́kọ́ á sọnù, àwọn tó mọ ẹni tó kọ́ ọ náà á sì máa dín kù lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ àti ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ pe àwọn àgbà tó ṣẹ́kù jókòó kí ìkórè tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ bi wọ́n léèrè ta ló fún ìjọ nílẹ̀, ta ni bíríkìlà àkọ́kọ́, ta ni káfíńtà tó gé pákó fèrèsé, àwọn obìnrin wo ló ru omi nígbà tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì, inú ọkọ̀ ta ni yanrìn ti wá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ilé tó wà kí ẹ tó fi irin kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ fún atẹ̀wé, kí ẹ sì pín in fún ọmọ ìjọ bí ẹ ṣe ń pín kàlẹ́ńdà. Owó tí yóò ná yín kò tó owó àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan.